Nípa Ilé Etí Omi Tí O Fẹ́ Rà

                                                  Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                  Ilé tó kọjú sí ilé ìtẹ̀wé.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Òmùwẹ̀ tí kò mọ̀wẹ̀,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ga jù ọ́ lọ, mo sì dúpẹ́, torí gíga kọ́ ni Ọlọ́run fi ta ìwọ lọ́rẹ. Àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ńkọ́? Màmá àgbà tó máa ń pè ọ́ ní orúkọ àbúrò rẹ̀, ṣé ó ṣì ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀? Bá mi kí i dáadáa. Sọ fún un pé ẹnì kan wà níbí tó mọ orúkọ tìrẹ gan-an, tó sì máa ń ṣèèṣì pè é nígbà tó bá ń wá ẹni tí yóò bá a di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀.

Ní tèmi, mo wà bí mo ṣe wà. Ara ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń jẹun. Ọmọ mi ọkùnrin ti lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ tó jìnnà, ó máa ń pè mí, ó ní òun ń jẹun dáadáa, mo sì máa ń ṣe bí ẹni pé mo gbà á gbọ́. Bàtà tí o fi ránṣẹ́ kò gba ẹsẹ̀ mi. Mo ń sọ ọ́ fún ọ báyìí kí o má baà tún ra irú rẹ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ tìrẹ lo fi rà á, o gbàgbé pé tèmi ti fẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n mi ò fún ẹnikẹ́ni o. Mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá wọlé á rò pé mo ní àlejò nílé. Ó máa ń dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń bọ̀ níbi tí ẹ wà, òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé o ti rí ọ̀rọ̀ ṣókí tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, pé kí o má san ohunkóhun lórí ilé yẹn títí o ó fi ka lẹ́tà yìí tán. O pè mí, o tún pè mí, mi ò gbé e. Má bínú. Ìwọ náà mọ ara rẹ. Bí mo bá gbé e, mi ò ní tíì sọ gbólóhùn kan tán tí wàá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, tí wàá ti máa sọ irú aṣọ fèrèsé tí a ó lò fún mi. Lẹ́tà ló dára. Inú lẹ́tà, èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀.

Wàá rántí pé nígbà tí mo fi iṣẹ́ títẹ̀wé sílẹ̀ tí mo ní mo ti ríṣẹ́ mìíràn, o bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni, mo sì dá ọ lóhùn pé iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni. Irọ́ kọ́. Ojú ló kàn ń tì mí díẹ̀ láti là á sílẹ̀. Iṣẹ́ náà nìyí: àwọn kan wà tó ń bá àwọn onílé ta ilé wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ilé etí omi nìkan ni wọ́n ń tà. Ilé tó wà lẹ́bàá odò, ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, ilé tó kọjú sí òkun, bí omi bá ti lè ta sí i lára, tiwọn ni. Onífọ́tò á lọ ya ilé náà, á kó àwòrán bọ̀, èmi á sì jókòó sídìí tábìlì mi, n ó wá ọ̀rọ̀ kọ sábẹ́ wọn: ẹ wá wò ó, ẹ wá rà á. Èmi ni mò ń polówó. Èmi tí fèrèsé mi kọjú sí ògiri.

Ọ̀gá wa obìnrin, Màdáámú Kíákíá là ń pè é lẹ́yìn, ní àwọn ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ wa. A kò gbọdọ̀ kọ pé ilé kéré, a ó ní ó mọ níwọ̀n. A kò gbọdọ̀ kọ pé ó jìnnà sí ìgboro, a ó ní ibẹ̀ parọ́rọ́. Bí òrùlé bá ń jò, ilé náà ń retí ọwọ́ ẹni tó mọyì rẹ̀. Ẹ̀fọn kò sí lágbàáyé wa rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ní báyìí ó ti mọ́ mi lára débi pé nígbà tí ọmọ mi béèrè pé báwo ni ẹran tí mo rà ṣe tó, mo ní ó mọ níwọ̀n.

Òfin kan tún wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Wọn kì í ya fọ́tò ilé etí omi nígbà tí omi bá fà. Ìwọ náà mọ bí ọ̀sà ṣe máa ń ṣe, á kún, á fà, á tún kún. Onífọ́tò wa ní àwọn awakọ̀ ojú omi tó máa ń pè kó tó kúrò nílé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti kún?" Bí wọ́n bá ní kò tíì kún, á padà lọ sùn. Nítorí náà, lórí ẹ̀rọ ayélujára, omi kì í fà. Ojoojúmọ́ ló kún dé ẹnu, ojoojúmọ́ ló ń dán. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó máa ń fà.

Ó wá ku ilé tí o rí yẹn. Lọ́jọ́ tí Onífọ́tò lọ yà á, kámẹ́rà rẹ̀ tó máa ń fò bí ẹyẹ já bọ́ sínú omi. Àwòrán díẹ̀ ló kù sí i lọ́wọ́: iwájú ilé, páálọ̀ tó ṣófo, àti omi. Omi tó pọ̀ lọ súà. Màdáámú Kíákíá ní òun kò fẹ́ gbọ́ àlàyé, ìpolówó gbọ́dọ̀ jáde kí a tó tilẹ̀kùn ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ó ní bí àwòrán kò bá tó, kí ọ̀rọ̀ pọ̀. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìwọ ni, jẹ́ kó gùn."

Mo jókòó, mo ń wo omi inú àwòrán yẹn. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ọwọ́ mi kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Mo kọ ọ́ pé àtẹ̀gùn òkúta kan wà tó sọ̀kalẹ̀ wọ inú omi, níbi téèyàn ti lè ṣan ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Mo kọ ọ́ pé igi ńlá kan wà tí ibòòji rẹ̀ gba ènìyàn méjì àti ẹni tó bá fẹ́ wá dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Mo kọ ọ́ pé èèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ ìró àjẹ̀ kó tó rí ọkọ̀. Mo kọ ọ́ pé bí oòrùn àárọ̀ bá ti kan omi, ìmọ́lẹ̀ á máa jó lórí àjà yàrá, á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹja kéékèèké. Mo kọ gbogbo rẹ̀ láìdúró, mo fi ránṣẹ́, mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé. Nígbà yẹn, mi ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà rí.

Ó ti yé ọ báyìí, àbí? Ilé Màámi ni mo kọ.

Ilé ìyá rẹ, tí èmi náà ń pè ní Màámi títí àdúgbò kò fi mọ èwo nínú wa ló bí. Òkúta ibẹ̀ ni, igi ibẹ̀ ni. Bí a bá ti ń sáré bọ̀ láti etí omi, tí mo bá kígbe "Ẹ kú ilé o," Màámi kì í sọ pé "káàbọ̀" bí àwọn ìyá yòókù. Ohun tó máa fi dá wa lóhùn láti inú ilé ni "Ẹsẹ̀ yín!" A ó padà sẹ́yìn lọ ṣan án. Òun ló sọ mí ní Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹrẹ̀, torí bí mo ṣe ṣan án tó, ẹrẹ̀ á ṣì kù sí èékánná. Òun náà ló sọ ọ́ ní Òmùwẹ̀, torí pé o kì í jẹ́ kí omi kọjá orúnkún rẹ. Láàárọ̀, a ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, a ó máa wo ẹja orí àjà, wàá ní tìrẹ ló tóbi jù, èmi á ní irọ́ ni, Màámi á ní bí a kò bá dìde, òun á fi ẹja náà se ọbẹ̀, a kò sì ní fẹnu kàn án. Mo ti di àgbàlagbà, irun iwájú mi ti ń funfun, mo ṣì máa ń wo òkè àjà ní yàrá tuntun èyíkéyìí tí mo bá sùn sí.

A ò lè padà síbẹ̀ mọ́. Omi ti jẹ etí ilẹ̀ yẹn wọlé, ilé ti lọ, òkúta ti lọ, Màámi náà ti lọ sinmi. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju èmi àti ìwọ lọ. Ìwọ sì wà lọ́hùn-ún.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ wọlé sórí fóònù mi, mò ń jẹun ọ̀sán ní ọ́fíìsì. O ní, "Wò ó, mo ti rí ilé wa!" O da gbogbo ìpolówó náà kọ sí mi láti òkè délẹ̀. O ní ẹni tó kọ ọ́ ti gbé etí omi rí, pé kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ́ èèyàn níléèwé. O ní, "Wọ́n tilẹ̀ ní ẹja orí àjà!" Mo bú sẹ́rìn-ín, oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun. Onífọ́tò ní kí ló dé. Kí n tó dá a lóhùn, ẹkún ti gba ẹnu mi. Ó sáré bu omi fún mi, ó rò pé ata ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Inú mi dùn, kì í ṣe díẹ̀. Kì í ṣe pé kí n sọ òtítọ́ fún ọ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ò ń bọ̀ wálé. Mo ti rí ọ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹrù rẹ tó máa ń pọ̀ jù, tí ò ń bá awakọ̀ jà. Mo ní nínú ara mi pé, ta ló fẹ́ sọ fún un? Ó fẹ́ràn ilé náà, kó rà á. Bó bá dé tí kò rí àtẹ̀gùn, a ó gbẹ́ àtẹ̀gùn. Bí kò bá rí igi, a ó gbin igi. Ò ń ránṣẹ́ sí mi nípa aṣọ fèrèsé àti ibi tí a ó gbé àga sí, èmi náà ń dá ọ lóhùn pé ó dára gan-an, ó dára gan-an. Mo tilẹ̀ bá ọ mú àwọ̀ aṣọ fèrèsé. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, oorun mi kò sì dùn. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi mi pé, mo wọkọ̀, mo lọ wo ilé náà fúnra mi.

Ilé náà kò burú. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má baà ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ó lágbára, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, omi ẹ̀rọ ń yọ dáadáa, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì láìjẹ́ pé èèyàn fi èjìká tì í bíi tèmi. Ẹni tó bá ń wá ilé á rí ilé níbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ṣọ́ ọ. Ó ṣí géètì fún mi, mo ní láti ọ́fíìsì àwọn tó ń polówó ilé ni mo ti wá, ó ní kí n máa wọlé lọ, òun ń bọ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn páálọ̀. Ibẹ̀ ṣófo, ẹsẹ̀ mi ń dún padà sí mi létí. Kí n tó mọ̀, mo ti kígbe bí mo ṣe máa ń kígbe ní kékeré, "Ẹ kú ilé o!" Mo sì dúró. Ọ̀rẹ́ mi, mo dúró ní tòótọ́, mò ń retí kí ẹnì kan ní "Ẹsẹ̀ yín." Ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá Olùṣọ́, ó ní, "Kò sẹ́ni níbẹ̀ o. Ta lẹ̀ ń kí?" Ojú tì mí, mo ní ẹnu mi ló ṣì í. Ó ní kò sí wàhálà, pé òun náà máa ń kí i bí òun bá jí.

Omi ti fà. Èmi tí mo mọ òfin, mi ò bi awakọ̀ ojú omi kankan kí n tó lọ. Ẹrẹ̀ dúdú ló nà lọ jìnnà, ike àti ọ̀rá wà lórí rẹ̀ káàkiri, ọkọ̀ kékeré kan sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín rẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ. Wọ́n ti mọ ògiri kọ̀ǹkéré tó dé mi láyà láàárín ilé àti omi, kí omi má baà wọlé, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi á fò ni. Igi tí mo rí fìrí nínú àwòrán, ti ilé kejì ni, wọ́n sì ti gé e. Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe wà lápá ọ̀tún, ariwo wọn kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ àjẹ̀, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ ń fi àjẹ̀ wakọ̀ níbẹ̀.

Mo bi Bàbá Olùṣọ́ pé onílé ńkọ́, kí ló dé tó fi ń tà á? Ìdáhùn rẹ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ó ní ọ̀gá òun wà lókè òkun. Etí omi ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń sọ láti ìgbà èwe rẹ̀ pé etí omi lòun á ti darúgbó. Ó ra ilẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ọ̀hún. Bí ìpìlẹ̀ bá parí, á ní òun á ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i nítorí òrùlé. Bí òrùlé bá parí, á ní òun á ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i nítorí fèrèsé. Wọ́n sì kọ́ ilé náà parí lóòótọ́, ó dán, ó ń wuni. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò sùn níbẹ̀ rí," ni Bàbá Olùṣọ́ wí. "Ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sùn níbẹ̀ rí." Ìgbà tí àyè máa fi ṣí sílẹ̀ fún un láti wá, ara ti kọ̀, àwọn dókítà ní kó má wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ó ní bó bá di ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá òun á pe òun lórí fóònù. Kì í béèrè ilé. Ohun tó máa ń béèrè ni pé ṣé omi ti kún. Bó bá ti kún, Bàbá Olùṣọ́ á gun orí bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, á na fóònù sí ìta kí ọ̀gá rẹ̀ lè máa gbọ́ bí omi ṣe ń lu kọ̀ǹkéré. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Tó bá yá, ọ̀gá á ní ó tó, ó ṣeun, á sì pa fóònù.

Mo padà wọlé, mo jókòó sórí ilẹ̀ páálọ̀. Ìwọ ni mò ń rò. O ti sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń sọ ìròyìn ayọ̀, pé ohun tí o ti kó jọ á tó fún àsansílẹ̀, pé ní ti ìyókù, wàá kàn tún àdéhùn iṣẹ́ rẹ ṣe, wàá máa fi iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi kún un, ọdún díẹ̀ sí i péré. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí o kọ ọ́, mo sì fò ó kọjá lọ síbi aṣọ fèrèsé. Níbi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti wá gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà tí ọmọ rẹ ṣì wà lẹ́yìn rẹ lo ti ń sọ ọdún díẹ̀ sí i fún mi. Ọmọ ọ̀hún náà ló ti ga jù ọ́ lọ yìí.

Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, oòrùn sì ti ń sọ̀kalẹ̀ lápá ibẹ̀. Mo ní mi ò ní lọ láìwo àjà. Mo tẹ́ ìborùn mi, mo na gbalaja sáàárín páálọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìjáde lọ́rùn. Bàbá Olùṣọ́ yọjú, ó figbe ta, ó rò pé mo ti dákú. Ó ti gbé kete omi kan kí n tó sọ pé kó má dà á sí mi lára, pé ẹja ni mò ń wò. Ó wo àjà, ó wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ro ẹni tó yẹ kó pè. Mo bá ṣàlàyé Màámi fún un, mo ṣàlàyé rẹ, mo ṣàlàyé ẹní wa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní gíláàsì dúdú ni wọ́n fi sí fèrèsé, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí n rí nǹkan kan, ó sì lọ ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

Ó wá, mi ò purọ́ fún ọ. Ẹyọ kan, tín-ín-rín báyìí, ó ń gbọ̀n ní igun àjà, ó lọ, ó bọ̀. Ọkàn mi fò sókè. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo ní, "Wò ó, tèmi ti dé!"

Ilẹ̀ lásán ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kì í ṣe àárò omi ló ń sọ mí láti gbogbo ọdún yìí wá. Àárò rẹ ló ń sọ mí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Màdáámú Kíákíá, mo ní ìpolówó yẹn kò bá ilé náà mu, kí a tún un kọ. Ó ní ṣé ẹni tó fẹ́ rà á kò ní ojú tó máa fi wò ó ni? Mo ní ẹni tó wà lókè òkun kò ní ojú mìíràn ju ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ lọ. Ó bínú gan-an. Ó ní ilé lòun ní kí n tà, òun kò ní kí n jókòó máa ròyìn ìgbà èwe mi fáyé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, torí òótọ́ ni. Níkẹyìn ó gbà, ẹ̀rù ẹjọ́ ló bà á. Mo yọ àtẹ̀gùn, mo yọ igi, mo yọ àjẹ̀. Mo fi ògiri kọ̀ǹkéré sí i àti àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Mo kọ ọ́ gbangba pé omi máa ń fà. Onífọ́tò ní láti ìgbà tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí gbólóhùn yẹn rí. Ẹja orí àjà nìkan ni mo fi sílẹ̀, mo sì dín in kù sí ẹyọ kan, torí ìyẹn mo fi ojú mi rí i. Lọ wò ó, wàá rí i pé ó ti yí padà. Mo ń gbàdúrà kí ẹnì kan tó ń gbé nítòsí rà á, ẹni tó lè máa sùn níbẹ̀.

Ìwọ má rà á. Má tún àdéhùn iṣẹ́ ṣe nítorí omi. Mo mọ̀ pé inú rẹ á bàjẹ́. Mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n ti fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, torí ilé yẹn nìkan ni mo tíì gbọ́ tó mú ọ sọ̀rọ̀ wíwá sílé láti ìgbà tí a ti sin Màámi. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ di ẹni tí yóò máa gun bíríkì na fóònù sí omi fún ọ.

Bá mi kí ọmọ wa, sọ fún un pé kó dúró ga bẹ́ẹ̀ títí n ó fi rí i. Kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tó máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé ọ délé bí òjò bá ń rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní àyè kékeré kan ṣì wà nínú àpò òun nígbà tí òun bá ń padà bọ̀, kí o má fi bàtà sí i.

Nígbà tó sì jẹ́ pé ìpolówó mi lo fẹ́ràn, mo ti kọ ọ̀kan fún ọ. Màdáámú Kíákíá kò rí i, kò sì ní rí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí mi ò fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀:

YÀRÁ KAN, KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ó kéré. Kò sí omi níwájú rẹ̀, kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ti inú ẹ̀rọ gan-an, ìgbà tó bá wù ú ló ń yọ. Fèrèsé kan ló ní, ó kọjú sí ògiri ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ wọn ń pariwo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àyàfi ọjọ́ Àìkú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fẹ́ èjìká. Ẹ̀fọn wà. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣófo. Àjà funfun, kò sí ẹja kankan lórí rẹ̀, mo ti wò ó dáadáa. Bàtà rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá dé, kígbe pé "Ẹ kú ilé o." Ẹnì kan wà nínú yàrá náà tí yóò dá ọ lóhùn pé "Ẹsẹ̀ rẹ!"

Èmi ni, tìrẹ, bí omi kún, bí omi fà,

Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹrẹ̀.